Ta Ni Ó Ni Ìdọ̀tí Inú Àgbàrá?

Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú òwe yìí, àgbàrá ni ọ̀tá, ilé ni ó ń jìyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi náà bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹrù ta ni ó gbé lọ?

Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè pé àwọn wo ni ó ń ba omi ọ̀sà jẹ́. Kíá ni wọ́n dáhùn: àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe, àwọn tí ń ta kpayo nínú ìgò, àwọn ará ọjà Ouando. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ilé baba rẹ̀. Èmi náà kò dárúkọ tèmi.

Láàárín 1978 sí 1983, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ńlá lórí ọ̀ràn yìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n bu omi àgbàrá ní àdúgbò ilé gbígbé, ní àdúgbò ìṣòwò àti ní ilẹ̀ gbalasa. Nínú àwọn irin olóró, bàbà, òjé àti síńkì ni wọ́n bá pàdé jù. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ àárín omi àdúgbò ilé àti ti ìṣòwò kò tó èyí tí a lè fi dá wọn mọ̀. Ti ilẹ̀ gbalasa nìkan ni ó yàtọ̀ gedegbe. Páànù orí ilé pàápàá a máa tú síńkì sínú òjò.

N kò sọ pé bí ti wọn ti rí ni tiwa rí. Ó lè jẹ́ pé ọjà wa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì wọ̀n ọ́n kí a tó dájọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá wọn omi, wọn yóò fi èsì rẹ̀ lé tálákà kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù náà tọ́, n kò fi ṣeré. Àmọ́ ẹ̀sùn ti wà lọ́rùn tálákà náà láti ọjọ́ pípẹ́, láìsí ẹ̀rí kankan.

Wíwọ̀n náà sì ní òdodo tirẹ̀. Òjò tí ó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó sábà máa ń gbá ìdọ̀tí tí ó ti kó jọ lọ. Ẹni tí ó dúró títí òjò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá, kí ó tó bu omi ní àdúgbò tirẹ̀, ti jẹ́rìí èké, bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò tilẹ̀ purọ́. Ní ọdún yìí, abẹ́ páànù ilé mi ni n ó ti kọ́kọ́ gbé ìgò kalẹ̀, kí n tó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ouando.