OLÙKỌ́ ÀTI OLÙRÀNLỌ́WỌ́ RẸ̀: TA NI Ó MỌ ỌMỌ NÁÀ?

Ìbéèrè kan wà tí a ti ń gbé kiri lọ́kàn wa láti ìgbà díẹ̀ wá, ó sì tó àkókò wàyí tí ó yẹ kí a gbé e síwájú yín. Ìbéèrè náà nìyí: Bí a bá fi ẹni méjì ṣọ́ ọmọ kan ṣoṣo, tí ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ tí ó kàwé gba ẹ̀rí, tí èkejì sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ tí ń gbé ọmọ náà, tí ń bọ́ ọ, tí ń nu imú rẹ̀, kí ni ọ̀kan jẹ èkejì ní gbèsè? Ọ̀pọ̀ yóò yára dáhùn pé ìfẹ́ ni, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí sùúrù. Àwa náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, a ó sì fi hàn yín bí ìdáhùn wa ti kùnà.

Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tí a ń pè ní àkàndá ẹ̀dá nísinsin yìí: afọ́jú, adití, àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn le gbagidi, àti àwọn tí òye wọn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn baba wa a máa pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, wọ́n sì ń bẹ̀rù láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù náà ṣe rere díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ̀kankan nínú wọn ní A B D. Ìlẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kò tètè ṣí fún wọn. Ní 1958 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ Wesley fún àwọn adití sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1960, Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962 àwọn ará Ìjọ Àgùdà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè. Ní 1977 ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí sílẹ̀, láti máa kọ́ àwọn tí yóò ṣe olùkọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019 sì ni Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka ṣíṣe ojúsàájú sí wọn léèwọ̀. Ohun rere ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé ọmọ lọ sí ilé ìtọ̀. Ẹnì kan ni yóò gbé e, ẹni náà ni ọ̀rọ̀ wa sì dá lé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ ìbẹ̀wò gbé wa dé ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kì yóò dárúkọ. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Olùrànlọ́wọ́ jẹ́ opó kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ó ti tọ́ ọmọ márùn-ún, tí kò sì mọ ìwé. Olùkọ́ ń pè é ní Màmá. Òun ń pe olùkọ́ ní Tíṣà. Láràárọ̀, olùkọ́ a kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́. Opó náà a sì dìde fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò wí pé kò sí ìjà níbẹ̀. Kò sì sí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ti pinnu pé kí sáà náà tó parí, ọmọ yìí yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣíbí dé ẹnu. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ti ìwé náà mọ́ inú àpótí. Kò sọ fún Màmá. Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, tí olùkọ́ bá ní kí a fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó jẹun fúnra rẹ̀, Màmá a rò pé ìwà ìkà ni, tàbí ọ̀lẹ. Bí olùkọ́ bá ti yí ẹ̀yìn padà, yóò gba ṣíbí náà, yóò sì fi oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu wéréwéré, kí ebi má ba à pa á, kí aṣọ rẹ̀ má sì dọ̀tí. Báyìí ni ẹ̀kọ́ tí ẹnì kan fi òwúrọ̀ kọ́ ti ń parẹ́ ní ọ̀sán, ìfẹ́ ni ó sì ń pa á rẹ́.

Ní ti Màmá, òun náà mọ ohun kan. Ó mọ̀ pé bí ọmọ náà bá ti tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà, ìtọ̀ ni ó ń gbọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè, òun kò sì sọ, nítorí ta ni yóò kọ́ Tíṣà ní iṣẹ́ rẹ̀? Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá yí ojú sí ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ a gbà pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi ẹ̀kọ́ ni, yóò sì fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ padà sí ojú pátákó. Ní ọjọ́ tí a wà níbẹ̀, ó yí orí náà padà lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú wa. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, omi ti ń ṣàn lábẹ́ àga. Ojú ti olùkọ́ nítorí àlejò, ó sì jágbe mọ́ Màmá níwájú gbogbo àwọn ọmọ. Ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹkún ẹni tí a nà. Àwa rí ojú rẹ̀, a kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

A pe àwọn méjèèjì sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, a gbà wọ́n níyànjú gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀: kí kékeré bọ̀wọ̀ fún àgbà, kí àgbà fara da kékeré, kí olúkúlùkù sì mọ ipò rẹ̀. A gbàdúrà. Olùkọ́ kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Màmá fà á dìde, ó sì súre fún un. Inú wa dùn bí a ti ń padà sí ilé. Ní oṣù kejì, a gbọ́ pé Màmá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni jà, àti pé ọmọ náà kò jẹun dáradára fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ṣíbí kò dé ẹnu rẹ̀ láti ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ó sì ń wò, kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé àwa ni a ṣì í. Àlàáfíà ni a bá wọn wá, bẹ́ẹ̀ ni àlàáfíà kọ́ ni wọ́n ṣe aláìní. Òtítọ́ ni kò sí láàárín wọn. Ọ̀wọ̀ tí a ń yìn gan-an ni ó di odi: ọmọdé kò lè wí fún àgbà pé ohun tí ó ń ṣe kò tọ́, aláìmọ̀wé kò sì lè la ohùn sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàwé. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọdé ni wọ́n fi òwe yìí ń kìlọ̀ fún, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì yìí, ọmọdé ni ó ní aṣọ, àgbà ni ó ní àkísà, ẹnì kan kò sì ṣí àpótí rẹ̀ fún ẹnì kejì. Òwe tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù ni ti ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ àti ti àgbàlagbà tí kò wọ kèrègbè. Ẹ kíyèsí i pé òwe náà kò ní kí ọwọ́ méjèèjì máa kí ara wọn. Iṣẹ́ ni ó ń sọ.

Bí a bá yẹ Ìwé Mímọ́ wò, a ó rí Mose, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, tí Ọlọ́run sì fi Aaroni fún un láti jẹ́ ẹnu fún un. Aaroni fi ọdún mẹ́ta ju Mose lọ, síbẹ̀ lábẹ́ àbúrò rẹ̀ ni a fi í sí. Ǹjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ Tíṣà àti Màmá nìyí? Nígbà tí wọ́n pàdé ní òkè Ọlọ́run, Aaroni fi ẹnu ko Mose lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ níbẹ̀. Mose ròyìn fún Aaroni gbogbo ohun tí Olúwa rán an àti gbogbo àmì tí a fi fún un. Lẹ́yìn èyí ni Aaroni tó la ẹnu níwájú àwọn àgbà Ísírẹ́lì. Àwa ti wàásù lórí ìfẹnukonu náà rí, a sì fo ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ tún wo ìgbà tí Mose gun òkè Sínáì. Ó fi Aaroni àti Huri ṣe olórí pé kí ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ tọ̀ wọ́n lọ, ó sì pẹ́ lórí òkè fún ogójì ọjọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi wí pé àwọn kò mọ ohun tí ó ṣe é. A kò fi èyí dá Aaroni láre, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ó ṣẹ̀. Nígbà tí a sì bi í léèrè, ó ní òun kàn sọ wúrà sínú iná ni, ẹgbọ̀rọ̀ màlúù sì jáde wá. (Irú àwáwí yìí kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí.) Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ lé olùrànlọ́wọ́ lọ́wọ́, tí ó sì gun òkè tirẹ̀ lọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnu yà òun bí ó bá bá ohun tí kò rán an nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀.

Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ní Amẹ́ríkà, láti 1975 tí òfin ti fi dandan lé e pé kí a kọ́ àwọn ọmọ tí ó ní àbùkù ara ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ ti pọ̀ sí i gidigidi. Ní 1997, Michael Giangreco, olùkọ́ àgbà ní Vermont, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi hàn pé olùrànlọ́wọ́ tí ó bá rọ̀ mọ́ ọmọ ní gbogbo ìgbà lè di ògiri láàárín ọmọ náà àti olùkọ́ rẹ̀, àti láàárín rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Blatchford àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí, wọ́n sì kéde ní 2009 pé àwọn ọmọ tí ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà jù kò tẹ̀síwájú tó àwọn tí ó jọ wọ́n ṣùgbọ́n tí ó rí díẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ náà ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí náà kò di ẹ̀bi ru olùrànlọ́wọ́. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò ní àkókò kankan tí a yà sọ́tọ̀ láti bá olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ jíròrò, yálà ṣáájú ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Pé olùrànlọ́wọ́ a máa wọ kíláàsì láì mọ ohun tí a fẹ́ kọ́. Pé bí ó bá sì rí ọmọ tí ń làkàkà, kí iṣẹ́ lè parí ni yóò máa lé, kì í ṣe kí ọmọ lè mọ̀ ọ́n. Màmá àti ṣíbí rẹ̀ nìyí, ní ìlú tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá fún olùrànlọ́wọ́ ní ohùn, àṣẹ yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, kíláàsì yóò sì di ọjà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2015 sọ ọ́ kedere pé olùkọ́ ni a ó bi léèrè ìtẹ̀síwájú ọmọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ni ó ń jókòó tì í. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó bi léèrè, báwo ni òun yóò ṣe ṣe aláìbéèrè? Olùkọ́ jẹ olùrànlọ́wọ́ ní gbèsè ìdí iṣẹ́, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ sì jẹ olùkọ́ ní gbèsè ohun tí ojú rẹ̀ rí, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Bí ìbáwí bá sì wà, kí ó má ṣe wáyé níwájú ọmọ, nítorí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ náà ń gbọ́.

A kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́. Ohun tí a ń san fún Màmá ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń gbálẹ̀ ọgbà. Ẹni tí a bá ń san owó ìgbálẹ̀ fún yóò rò pé kí ilẹ̀ mọ́ ni iṣẹ́ òun, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyí tí ìdọ̀tí aṣọ fi bà á lẹ́rù ju ìdádúró ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń bá wí, kì í ṣe àwọn olùkọ́.

Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ohun tí àwa kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó lọ sí ilé Màmá, kò mú ẹnikẹ́ni dání. Kò tún tọrọ àforíjì. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti ṣe ìyẹn, kò sì yí ohunkóhun padà. Ó béèrè pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí máa ń ṣe bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n?” Opó náà wò ó títí. Ó ní, “Tíṣà, ó máa ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé ẹ mọ̀.” Nígbà náà ni olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ ṣíbí fún un, Màmá sì ki orí bọlẹ̀. “Ẹ kò sọ fún mi,” ni ó wí. “Mo rò pé ẹ ń fi ebi pa á ni.”

Ó padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ bá ti lọ, àwọn méjèèjì a jókòó lábẹ́ igi máńgòrò fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ìwé kan láàárín wọn. Màmá a máa sọ, olùkọ́ a máa kọ. Olùkọ́ a sì ka ètò ti ọjọ́ kejì fún un. A rí ìwé náà nígbà tí a tún bẹ̀ wọ́n wò. Ohun àkọ́kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé bí ó bá wo ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù gbé e. Èkejì ni pé kí a má ṣe fi ṣíbí sí i lẹ́nu, kí a fi sí i lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a jókòó wo ọmọ náà bí ó ti ń jẹ ẹ̀wà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ tó ìdajì wákàtí. Màmá ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, kí wọ́n má ba à nà sí ṣíbí. Ẹ̀wà ta sí aṣọ ọmọ náà láti ọrùn dé ìdodo, ó sì ta sí aṣọ àwa náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti ń béèrè ẹni tí yóò máa ra ọṣẹ.