Bí Olórin Bá Ronú Pìwà Dà, Ṣé Orin Rẹ̀ Náà Ń Pìwà Dà?

Ní òru ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí a fi orúkọ José Miguel Agrelot pè ní San Juan, olú-ìlú erékùṣù Puẹ́tò Ríkò, ọkùnrin olórin reggaeton tí ayé mọ̀ sí Daddy Yankee, ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ní Ramón Luis Ayala Rodríguez, kọ orin ìdágbére rẹ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀. Wọ́n ń retí kí ó dúpẹ́, kí ó tẹríba, kí ó sì máa lọ sinmi nínú ọlá tí ó fi òógùn ojú kó jọ. Ohun tí ó sọ fún wọn ni pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ohun tí yóò dí àlàfo kan nínú ọkàn òun, tí kò sí ohun ayé kan tí ó dí i, pé Jésù Kristi ni òun yóò máa sìn láti ọjọ́ náà lọ, àti pé orin òun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn òun, àti gbogbo ọ̀nà tí òun ń gbà bá ayé sọ̀rọ̀ ti di ti ìjọba Ọlọ́run.

Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn akọrin reggaeton tí yóò yí padà bẹ́ẹ̀. Héctor Delgado, ẹni tí wọ́n ń pè ní Héctor el Father, ti fi orin sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀, ó sì di oníwàásù. Farruko, tí orin rẹ̀ Pepas gba ìgboro kan ní ọdún 2021, dúró lórí ìtàgé ní Miami ní oṣù Kejì ọdún 2022, ó sì tọrọ àforíjì nítorí orin yẹn gan-an lọ́wọ́ àwọn èrò tí wọ́n sanwó wá gbọ́ ọ. Àwọn kan ń fi irú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìgbà tí àpò kún tán ni ẹ̀rí-ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èmi kò sí lára wọn, nítorí ohun tí ó wà láàárín ọkàn ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìta gbangba. Ìbéèrè tí ó gbà mí lọ́kàn yàtọ̀ sí tiwọn: bí olórin bá yí padà, kí ni a ó ṣe sí orin tí ó ti kọ? Ta ni ó ni ẹ̀bùn náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí tí ó fi ń lò ó fún àríyá àti ijó? Ṣé Sátánì ni ó yá a lóhùn, tí Ọlọ́run wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀nà Daddy Yankee gbà. Villa Kennedy ni ó gbé dàgbà, ọ̀kan nínú àwọn àgbo ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù San Juan, níbi tí etí ọmọdé ti ń mọ ìró ìbọn yàtọ̀ sí ìró báńgà kí ó tó mọ ìwé í kà. Baba rẹ̀ jẹ́ onílù bóńgò nínú orin salsa, nítorí náà ìlù kì í ṣe àjèjì nílé wọn. Síbẹ̀ bésíbọ́ọ̀lù ni ọmọ náà fi ọkàn sí, eré tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà erékùṣù náà di ẹni ńlá ní Amẹ́ríkà, ojú àwọn tí ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ Seattle Mariners sì ti wà lára rẹ̀. Nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó jáde síta láti sinmi díẹ̀ níbi tí òun àti DJ Playero, ẹni tí ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin, ti ń gba orin sílẹ̀, ni ìjà tí kò kàn án bá dá ìbọn sílẹ̀, ọta AK-47 sì bà á ní ẹsẹ̀. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó bọ́ nínú ìrora ọgbẹ́ náà. Wọn kò yọ ọta ọ̀hún kúrò ní ìbàdí rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri títí di òní. Ìrètí bésíbọ́ọ̀lù parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wí pé ìbọn yẹn ni ó tì òun sínú orin tọkàntọkàn.

Àwọn baba wa ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá: a kúnlẹ̀ a yan ìpín, a délé ayé tán a gbàgbé ohun tí a yàn, a wá ń sáré tọ ohun tí kì í ṣe tiwa títí orí ẹni yóò fi dá ni padà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyà ńlá. Onígbàgbọ́ kò ní sọ ọ́ báyìí. Ọwọ́ Ọlọ́run tí ń ṣamọ̀nà ni yóò wí pé òun rí. Ọ̀nà yòówù kí a gbà sọ ọ́, ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó darí ọta náà kúrò níbi tí ẹ̀mí wà, tí ó ti ìlẹ̀kùn kan tí ó sì ṣí èkejì, nígbà náà ilé tí ìlẹ̀kùn kejì ṣí sí kò lè jẹ́ ilé Sátánì. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Ó yọ òun nínú ikú kò lè tún pẹ̀yìn dà kí ó máa gégùn-ún fún ibi tí Ọlọ́run yọ òun lọ sí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ṣùgbọ́n irú ilé wo ni reggaeton yìí? Àwọn ọmọ Jàmáíkà tí baba ńlá wọn lọ gbẹ́ odò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá ní Pànámà ni wọ́n kọ́kọ́ fi èdè Sípéènì kọ orin régè. Ìlù dembow, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú orin kan tí Shabba Ranks ará Jàmáíkà kọ, gba New York kọjá, ó sì balẹ̀ sí San Juan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, níbi tí Playero àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ká a sínú kásẹ́ẹ̀tì tí ó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìjọba kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ọdún 1993 ni Gómìnà Pedro Rosselló ti ń rán ọlọ́pàá àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ológun wọ àwọn àgbo ilé mẹ̀kúnnù pé kí wọ́n kápá àwọn ọ̀daràn. Ní ọdún 1995, ọlọ́pàá ya wọ àwọn ilé ìtajà orin, wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì lọ pé ọ̀rọ̀ rírùn ni ó kún inú wọn. Ní ọdún 2002, Sẹ́nétọ̀ Velda González pe àwọn ará ìlú jọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti gbọ́ ẹjọ́ perreo, ijó tí obìnrin ti ń kọ ẹ̀yìn sí ọkùnrin tí àwọn méjèèjì sì ń mi ìdí pọ̀.

N kò wí pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú orin wọn ní tòótọ́, pàápàá èyí tí ó sọ obìnrin di ohun ìṣeré, n ó sì padà wá sórí rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí ó kó kásẹ́ẹ̀tì náà lọ kò bi ara wọn léèrè ohun tí ọmọ tí ó dàgbà sáàárín ìbọn ìbá tún kọ lórin bí kò ṣe ìbọn. Ọmọ náà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí; wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ni ó dọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀sìn àti ìjọba ti jọ ṣe àṣìṣe yìí, tí wọ́n gbógun ti ohùn ẹni tí ó ń ké, tí wọ́n fi ohun tí ó mú un ké sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ní oṣù Keje ọdún 2004 ni Daddy Yankee gbé àwo orin Barrio Fino jáde. Gasolina tí ó wà nínú rẹ̀, tí òun àti Eddie Dee jọ kọ, tí àwọn Luny Tunes sì bá wọn ṣe, ni ó gbé reggaeton kúrò ní erékùṣù dé àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ Sípéènì. Ní ọdún 2017, Despacito tí òun àti Luis Fonsi jọ kọ lo ọ̀sẹ̀ 16 ní ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Ilé Ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà mú Gasolina wọ àkójọ àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà kò fẹ́ kí ó parun, òun sì ni orin reggaeton àkọ́kọ́ tí yóò wọ ibẹ̀. Nínú ọdún kan ṣoṣo, ẹni tí ó kọ orin jẹ́wọ́ pé òun ti kú sí ayé àtijọ́, orin tí ó fi ayé àtijọ́ kọ sì gba ìdánilójú pé òun kò ní kú.

Níbí ni mo ti rí i pé orin kì í bá olórin pìwà dà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́ kí ó padà sínú èèpo. Kì í sì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan ni ó ni ín mọ́. Àwọn ọmọ Puẹ́tò Ríkò tí wọ́n fi ìlú sílẹ̀ lọ sí New York, Chicago àti Orlando, tí òtútù ń mú, tí wọ́n ń fọ ilé onílé, ti fi orin wọ̀nyí gbé ìyàwó, wọ́n ti fi sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n ti fi rántí pé àwọn náà ní ilé. Ayọ̀ tí ó wọ inú wọn kì í ṣe ayọ̀ èké nítorí pé ẹni tí ó pèsè rẹ̀ ti rí ayọ̀ tí ó ga jù ú lọ. Bí ó bá wí pé òfo ni gbogbo rẹ̀, tirẹ̀ ni ó lè sọ, kò lè sọ tiwọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbẹ́ tí ó wọ inú àwọn mìíràn kì í ṣe ọgbẹ́ èké. Mo ní n ó padà sórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Daddy Yankee fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn òde àríyá àti mọ́tò ni òun ń kọrin nípa rẹ̀ nínú Gasolina, kò sì sí ìdí tí n ó fi pè é ní òpùrọ́. Síbẹ̀ àìmọye ọkùnrin ni ó gbọ́ ìtumọ̀ mìíràn, tí wọ́n sì fi pe obìnrin ní ìgboro. Ohun tí ó yẹ kí àwọn oníwàásù fiyè sí ni pé inú reggaeton kan náà ni ìbáwí ti jáde. Ní ọdún 2003, Ivy Queen, obìnrin tí ó dúró gbọn-in láàárín àwọn akọ, kọ Quiero Bailar láti sọ fún ọkùnrin pé bí òun bá bá a jó, kò túmọ̀ sí pé òun yóò bá a sùn. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó mọ èyí. Lórí ìlù ijó ni ó ti sọ ọ́, àwọn tí ń jó sì gbọ́. Mo fi èyí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ó ṣẹ̀, ìlù kò ṣẹ̀.

Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì Puẹ́tò Ríkò gan-an sì lè jẹ́rìí sí i. Nígbà tí oníwàásù Juan Lugo gbé ìwàásù ìjọ náà dé ìlú Ponce ní erékùṣù náà ní ọdún 1916, kò pẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ tuntun fi mú pandereta, ìlù tí àwọn aláríyá tí ń kọ plena, orin ìgboro wọn, ń lù ní ilé ọtí, tí wọ́n fi ń yin Olúwa nínú ilé ìsìn. Ìlù náà kò yí padà. Ẹnu tí ń bá a lọ ni ó yí padà. Ní erékùṣù kan náà, àwọn kan wà tí ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba wa kó la òkun dé Kúbà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n ń kí Ṣàngó àti Yemọja ní ohùn tí a ó mọ̀ bí a bá tẹ́tí. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, a kì í béèrè bóyá ijó yẹ níwájú ohun mímọ́, nítorí pé láìsí ijó ohun mímọ́ kò ní sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ẹ̀sìn méjèèjì kò lè gbà fún ara wọn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lé onílù síta.

Bóyá Daddy Yankee fúnra rẹ̀ wá mọ èyí nígbẹ̀yìn. Ìbànújẹ́ dé bá a lẹ́yìn ìdágbére yẹn; ìgbéyàwó tí ó ti wà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tú ká ní ojú gbogbo ayé. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ó tún gbé ohùn sókè pẹ̀lú Sonríele, ó ń pe ara rẹ̀ ní DY báyìí, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹwàá ó gbé odindi àwo orin jáde tí ó pè ní Lamento en Baile. Inú Sáàmù ọgbọ̀n ni ó ti mú orúkọ náà, níbi tí Dáfídì ti dúpẹ́ pé Olúwa sọ ọ̀fọ̀ òun di ijó. Dáfídì kò sọ pé Olúwa sọ ọ̀fọ̀ òun di ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ onílù bóńgò tún ń jó, ìlù ìgboro ni ó ṣì fi ń jó, àwọn kan nínú ìjọ yóò sì ní ìlù náà ti sún mọ́ ayé jù. Kí wọ́n fi etí sí ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Èmi ní tèmi, ohun tí mo ń retí láti ẹnu rẹ̀ ni orin kan tí ó dojú kọ àwọn obìnrin tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ gún lára, tí ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà lórí dembow tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ti lè dárí jì í, ṣùgbọ́n àwọn náà wà láyé, wọ́n sì ń gbọ́ rédíò.