Ayọ̀ tí Ọmọdé Kò Ní Rántí

Ní Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ tí Walt Disney ṣí ní Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1955, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 3 kì í san owó ìwọlé. Ó lè jẹ́ ìṣirò ọjà lásán ló bí òfin yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí wọ́n fi pààlà ṣe kòńgẹ́ ohun mìíràn. Bí a bá bi àgbàlagbà pé kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó rántí láyé rẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún 3 tàbí tó lé díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń mẹ́nu bà. Àwọn tó ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ gan-an ni wọ́n máa gbàgbé pé àwọn débẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kì í fi í ṣàìsí nínú ẹbí tí yóò bi ìyá ọmọ pé: "Kí lẹ tún ń gbé èyí lọ síbẹ̀ fún? Ṣé ó máa rántí ni?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ náà kò jìnnà sí ẹni tó bá pọn ọmọ ọdún 2 lọ sí Trans Amusement Park ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lásìkò ọdún. Ó jọ ọ̀rọ̀ owó, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nídìí rẹ̀: ayọ̀ tí ẹni tó ni ín kò rántí mọ́, ṣé ó ti ṣòfò nìyẹn? Èmi ò gbà pé ó ṣòfò.

Ká kọ́kọ́ fún àwọn tó ń béèrè ní ẹ̀tọ́ wọn. Òótọ́ ni pé ọmọ náà yóò gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ kò ṣófo. Carolyn Rovee-Collier, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́, ó so orí kejì okùn náà mọ́ ohun ìṣeré tó rọ̀ sókè ibùsùn, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti ń ta ẹsẹ̀ ni ohun ìṣeré náà ń jó. Ọmọ oṣù 3 ṣì mọ ọgbọ́n náà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Ti ọmọ oṣù 6 ń tó bí ọ̀sẹ̀ 2. Ìrántí wà, ó sì ń gùn sí i bí ọmọ ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n kì í bá a dé àgbà. Ọmọ ọdún 2 tó gun Dumbo, erin tó ń fò yípo, lè máa sọ̀rọ̀ erin fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa wọ yunifásítì, fọ́tò inú fóònù ìyá rẹ̀ nìkan ni yóò máa jẹ́rìí sí i.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí, ti ro ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Nínú ìwé rẹ̀ Confessions, ó ní ó nira fún òun láti ka ìgbà ọmọ ọwọ́ òun mọ́ ayé tí òun ń gbé, nítorí òun kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni òun ti gbọ́ ọ, lára àwọn ọmọ mìíràn ni òun sì ti rí irú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá yìí kan náà kò yéé wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìgbà náà: ó wo ọmọ ọwọ́ tó ń jowú ọmọ tí wọ́n jọ ń mu ọyàn, ó sì ní ibi ti wà nínú ẹ̀dá láti ibẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò rántí bá jẹ́ tèmi, ẹ̀tọ́ wo la fi máa sọ pé ayọ̀ tí n kò rántí kì í ṣe tèmi? Àwọn baba wa kò tilẹ̀ jẹ́ kí àríyànjiyàn náà dé ibẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, kò sí ohun tí ẹ̀dá ṣe tó ju orí tó kúnlẹ̀ yàn nílé Àjàlá tó ń mọ orí lọ, kò sì sí ẹni tó rántí ìkúnlẹ̀ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ a kì í tìtorí pé a ti gbàgbé ká ní orí náà kì í ṣe tiwa. Ọmọ ọjọ́ 8 náà ni à ń fi oyin àti iyọ̀ kàn lẹ́nu nígbà tí a bá ń sọ ọ́ lórúkọ. N kò gbọ́ rí pé àgbà kan ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ọmọ yóò lè rántí adùn oyin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àròjinlẹ̀ lásán ni ilé ìwòsàn. Títí di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun láìfún wọn ní oògùn ìrora tó péye. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè mira ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fún un. Ìkà kọ́ ló mú wọn ṣe é. Wọ́n ń bẹ̀rù pé oògùn akunnilóorun lè pa ọmọ kékeré, wọ́n rò pé ara rẹ̀ kò tíì gbó tó láti mọ ìrora, wọ́n sì ń fi kún un pé bó bá tilẹ̀ dùn ún, kò ní rántí. Ní 1987, Kanwaljeet Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn, The Lancet. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé tí wọ́n fún ní oògùn ìrora fentanyl nígbà iṣẹ́ abẹ, ara wọn kò dàrú tó ti àwọn tí wọn kò fún, ìṣòro tó bá wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò sì tó ti àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé àyẹ̀wò náà kò rí ìpalára kankan, pé ọmọ jí, ojú ọgbẹ́ jinná, ó sì gbàgbé pátápátá. Ta ni nínú wa tó máa ní kò sí ohun tó burú nínú wákàtí tí wọ́n fi gé e láìpa ìrora rẹ̀? Ìrora náà burú nígbà tó ń dun ọmọ, kò nílò ìrántí kó tó burú. A ò sì lè fi òṣùwọ̀n kan wọn ìrora, ká wá fi òmíràn wọn ayọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá nílé pẹ̀lú, nítorí olóolà ṣì ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin láìsí oògùn ìrora, "kò kúkú ní rántí" ló sì máa ń jẹ́ àwíjàre. Ní Toronto, Anna Taddio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lọ́dún 1997 pé àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti dábẹ́ fún láìsí oògùn ń jẹ̀rora ju àwọn tí wọn kò dábẹ́ fún lọ nígbà tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù 4 sí 6. Ẹnì kan lè sáré gba ibẹ̀ wọlé pé bí ìrora bá ń kù sára, ayọ̀ náà ń kù sára, torí náà ọjọ́ ìgbafẹ́ jẹ́ owó tí a fi pamọ́ de ọ̀la ọmọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi lé e. Ẹni tó ń wá èrè ọ̀la nínú gbogbo ẹ̀rín ọmọ ti gbà pé ìgbà èwe kì í ṣe ayé, pé ìmúrasílẹ̀ fún ayé ni. Ọmọ tó kú lọ́mọ ọdún 2 wá ńkọ́? Kò sí ìyá tó sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé ọmọ òun kò gbé ayé. Arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra náà, a kì í dá ọbẹ̀ tó fẹ́ràn dúró nítorí pé kó tó di alẹ́ yóò ti gbàgbé pé òun jẹ ẹ́.

Àtakò tó le jù ni pé ọpọ́n omi àti iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ọmọ ọdún 2. Kí ló fẹ́ fi Disneyland ṣe, nígbà tí Space Mountain, ọ̀kan nínú àwọn ohun ìgùn ibẹ̀, kì í gba ẹni tí kò ga tó 102 sẹ̀ǹtímítà? Mo gbà fún wọn pátápátá. Ayọ̀ ni mò ń gbèjà, n kò gbèjà owó tíkẹ́ẹ̀tì. Disney fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé orí bẹ́ǹṣì ní Griffith Park, ní Los Angeles, ni èrò ọgbà náà ti sọ sí òun lọ́kàn, níbi tí òun ti ń wo àwọn ọmọbìnrin òun lórí ẹṣin onígi tó ń yípo, tí òun ń wá ibi tí òbí àti ọmọ á ti lè jọ ṣeré. Bí inú òbí náà bá dùn, tó sì tọ́jú ìrántí rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. (Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.) Ṣùgbọ́n bí wákàtí tí ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín bá ṣe pàtàkì láìsí ìrántí, wákàtí tó fi ń sunkún náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo ọmọ tí oorun ń kùn, tí wọ́n ṣì ń wọ́ láti orí ìlà kan dé èkejì nítorí pé owó ti jáde. Ọmọ tí ẹ̀rù Mickey Mouse ń bà, tí wọ́n sì dì í mú kó lè wọ fọ́tò: àwọn òbí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń gba ọjọ́ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ra ìrántí fún ara wọn, "kò ní rántí" ni wọ́n sì fi ń tu ara wọn nínú. Ẹ̀yin òbí, bó bá ti di aago 2 ọ̀sán tó ti rẹ ọmọ yín, ẹ máa gbé e lọ sílé, kí ohun tó kù nínú tíkẹ́ẹ̀tì yín máa wọlẹ̀.