Ọmọlúàbí Nídìí Rẹ́díò Inú Yàrá

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, a rí àwọn kan tí ó jẹ́ pé, bí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti parí ní alẹ́ Sátidé, tí àwọn ọmọ sì ti sùn, wọn a jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá, wọn a sì máa fi orin Haruna Ishola, ti I. K. Dairo àti ti Ebenezer Obey dá àwọn ará tí ó wà lẹ́yìn odi lára yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rere ni, n kò sì ní bá ẹni tí ó bá bẹnu àtẹ́ lù ú kẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n bóyá wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin, èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fọ̀ ni pé, "N kò kúkú tà á, èwo ni ti owó?" Èsì yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Owó ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, tí ẹgbẹ́ bí ASCAP àti BMI ń gbà, ti wà tipẹ́; òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1995 àti ti 1998 ni ó fi gbèsè kejì kún un, èyí tí í ṣe ti àwọn tí ohùn àti ìlù wọn wà nínú àwo, tí àjọ SoundExchange sì ń gbà fún wọn. Kí a má sì purọ́, òfin náà wúwo lórí ẹni kékeré. Ní ọdún 2021, iye tí a bù lé orin kan fún olùgbọ́ kan kò ju $0.0021 lọ, ẹni tí ó bá ní àádọ́ta olùgbọ́, tí ó ń lo orin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, ìlò rẹ̀ fún ọdún kan gbáko kò tó $85. Síbẹ̀ owó tí ó kéré jù tí òfin gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún náà jẹ́ $1,000, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ $500 tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́díò ńláńlá orí afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ náà ńkọ́? Òfin kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn fún ẹni tí ó kọ orin sínú àwo. Nígbà tí àdéhùn tí ó jẹ́ kí àwọn rẹ́díò íntánẹ́ẹ̀tì kéékèèké máa san owó tí ó rọrùn parí ní òpin ọdún 2015, Live365, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sá sí abẹ́ rẹ̀, ti ilẹ̀kùn ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọdún 2017 ni ó sì tó padà.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà kò tilẹ̀ mọ bí orin wa ti rí. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ lo ju orin mẹ́ta lọ láti inú àwo kan láàrin wákàtí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni ojú kan àwo jùjú àtijọ́ lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí a so pọ̀ láìdánu dúró. Ẹni tí ó bá lo ojú méjèèjì ti lo àwo tán, kò sì tíì rú òfin. Ẹ̀rín ni ó ń pa mí.

Ṣùgbọ́n àìtọ́ òfin kò sọ ẹrù ẹlẹ́rù di tẹni. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹni kan náà tí ó ní òun kò tà á, bí ó bá dé òde ìnáwó ní Houston, tí olórin to oríkì baba ńlá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ọmọ Àyàngalú asọ̀rọ̀-igi sì fi gángan pe orúkọ rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wú, yóò máa lẹ dọ́là mọ́ iwájú orí wọn títí àpò yóò fi gbẹ, kò sì ní béèrè èrè tí ó wà níbẹ̀. Owó òde ní ojú tí ń wò ó. Owó àwo kò ní. Èyí tí kò ní ojú tí ń wò ó ni èmi fi ń wọn ọmọlúàbí, nítorí àwọn àgbà kò sọ pé ìgbà tí ènìyàn bá pọ̀ ní ìjókòó ni oore tó yẹ ní dídúpẹ́; wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká owó tí ó kéré jù tí òfin ń gbà lè wọ abẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń gba àṣẹ fún ọ̀pọ̀ rẹ́díò kékeré pa pọ̀, tàbí kí ó kàn sí ẹni tí ó ni àwo kí ó tọrọ àyè. Nínú àwọn àwo wa, a lè rí èyí tí ó jẹ́ pé ọmọ olóògbé ni ó wà nídìí rẹ̀.

Bí owó náà bá sì dé ọwọ́ SoundExchange, ìdajì di ti ẹni tí ó ni àwo, ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún di ti ọ̀gá olórin, ìdá márùn-ún tí ó kù di ti àwọn onílù àti elégbè. Òfin pàṣẹ pé kí orúkọ orin, ti àwo àti ti ọ̀gá olórin hàn lójú kọ̀ǹpútà bí orin náà ti ń lọ. Kò mẹ́nu kan onílù, ọ̀pọ̀ páálí àwo wa àtijọ́ kò sì dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbọ́ àwo náà láti kékeré, tí ó mọ ẹni tí ó fi gángan kọ́ apá lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, lè dárúkọ rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ná an ní sẹ́ǹtì kan.