Ta Ló Ni Ìtàn Ayé Ẹni?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ènìyàn bá dìde láàárín àwùjọ, tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ro bí ojú rẹ̀ ṣe rí màbo, ta ló ni ìtàn tó ń rò yẹn? Òun nìkan ni, àbí òun àti gbogbo ẹni tó bá a wọ inú ìtàn náà?

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ orin hip hop ló mú ìbéèrè yìí wá. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé orin kọ́ nìyẹn, ariwo ni. N ò bá wọn jiyàn lórí ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á rí i pé ẹjọ́ ni àwọn ọmọ náà ń rò. Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn tó ń pìtàn rẹ̀ máa ń tọ́ka sí òde ijó kan tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, ti lo rẹ́kọ́ọ̀dù ní àdúgbò Bronx ní New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973. Àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ló sì gbé e dàgbà, àwọn tí ìwé ìròyìn kì í kọ ìtàn wọn bí kò bá jẹ́ pé ọlọ́pàá mú wọn.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹlòmíràn ló sábà máa ń sọ ìtàn ẹni. Ìyá ló ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Bí ọdẹ bá kú, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sun ìrèmọ̀jé fún un. Ẹni tó bá ń ki ara rẹ̀, wọ́n á ní ó gbéra ga. Ká má parọ́ ṣá, a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ nílẹ̀ Ọ̀yọ́ a máa sun ẹkún ìyàwó, á sọ tinú rẹ̀ lójú ìyá, lójú bàbá. Àwọn obìnrin Èkìtì ní alámọ̀ tiwọn. Ẹ ò rí nǹkan: ọ̀rọ̀ tí obìnrin ò lè là mọ́lẹ̀ níwájú àwọn àgbà, bó bá ti gbé e gba orí ohùn, wọ́n á jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àmọ́ ojú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló ti ń sọ ọ́ o. Wọ́n jókòó síbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rántí Dagrin. Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláoníìpẹ̀kun lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2009 ó gbé àwo orin kan jáde tó pè ní C.E.O., ìtumọ̀ tó sì fún un ni Chief Executive Omota. Oyè tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá ń jẹ́ ló gbé wọ ọmọ ìta lọ́rùn! Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi Yorùbá rap, Lord of Ajasa ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ìgboro tí Dagrin ń sọ, kò ní ìbòjú kankan. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì imú ló fi sọ̀rọ̀, àwọn tó gbé ayé yẹn pẹ̀lú rẹ̀ ì bá má gbọ́ ọ. Bó ṣe sọ ọ́ yìí, kọ̀ńdọ́kítọ̀ gbọ́, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì gbọ́, ìyá olóńjẹ gbọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé irọ́ ni yóò lè wí pé irọ́ ni. Èmi gbà pé nǹkan ọkùnrin nìyẹn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2010, mọ́tò rẹ̀ lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró sójú kan ní Múṣin. Ọjọ́ 22 oṣù náà ló kú. Ó ti ṣe orin kan sílẹ̀ lórí ikú ara rẹ̀, If I Die, orin yẹn ni gbogbo ìgboro sì wá ń gbọ́. Wọ́n ní ó ti rí i tẹ́lẹ̀. Ta ni ò ní rí i? Ọ̀dọ́ tó ń rin títì Èkó lóru kò nílò aríran. Ohun tó ká mi lára ni pé ní ọdún 2011, wọ́n ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù, Ghetto Dreamz. Òṣèré ló wá ń jẹ́ Dagrin. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ayé rẹ̀ kò tún lè sọ pé, “Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀nà míràn wà tí Falz gbà. Ọmọ Fẹ́mi Fálànà ni, agbẹjọ́rò ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì tí gbogbo ayé mọ̀. Falz náà kàwé òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ló fi ara ṣe nígbà tó kọ́kọ́ gba orúkọ. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò tú àṣírí ilé ẹnikẹ́ni. Àbí ó tú u? Bàbá tèmi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ kúrò l'Ékòó wá sílé wàyí. Ká ní ọmọkùnrin kan láti Ìrèlé-Èkìtì, lápá àríwá Èkìtì lọ́hùn-ún, lọ di olórin l'Ékòó. Orin tó fi gbajúmọ̀ ni èyí tó ti sọ pé bàbá òun lé ìyá òun jáde, pé owó ìdánwò òun ló fi fẹ́ ìyàwó kejì. L'Ékòó, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọn ò mọ bàbá náà rí, bàbá inú orin ni lójú wọn. Ó di ìparí ọdún, ọmọ wálé, wọ́n ní kó wá ṣeré. Bàbá dé fìlà, ó jókòó níwájú. Ìyàwó kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ìyá tí wọ́n lé náà wá, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ṣé kó kọ orin yẹn?

Àwọn kan á ní rárá, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. N kò fara mọ́ wọn pátápátá. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí ẹni tínú ń run bá dákẹ́, a ó máa rò pé ara rẹ̀ le ni. Ọ̀pọ̀ ilé la ti fi ọ̀wọ̀ bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀ títí tó fi jẹrà. Bó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ ọ́ l'Ékòó ni kó ṣe kọ ọ́ n'Írèlé, kó má fi gbólóhùn kan pamọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kọ̀ láti sọ ọ́ lójú bàbá, a jẹ́ pé ó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń tà fún àwọn ará Èkó.

Ohun kan sì wà tí mo máa ń ṣọ́ nínú irú orin báwọ̀nyí. Gbogbo ènìyàn ló ṣẹ olórin, olórin ò ṣẹ ẹnì kan. Kí ni òun náà ṣe fún àbúrò rẹ̀? Owó tó jí nínú àpò ìyá rẹ̀ dà?

Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ ńkọ́? Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé n'Írèlé lọ́jọ́ náà, tí orin parí, tí ìlù dákẹ́, bàbá náà rọra dìde, ó ṣí fìlà, ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ pé, “Gbé máíkì yẹn wá,” ṣé a ó jókòó gbọ́ ọ?