Gbèsè Tí A Jẹ Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Àjàkálẹ̀-Àrùn

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Bí a bá rí ẹni tí ó gba oyè kìíní ní Yunifásítì, tí ó tún padà lọ wá oyè kejì tàbí ẹ̀kẹta, tí àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 2020 sì dá a dúró lọ́nà, a máa ń bi í pé, “Ìwọ kò tíì ṣe tán síbẹ̀?” Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a kà á sí ọ̀lẹ?

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí. Ní òpin oṣù Fẹ́búárì ọdún náà ni a rí àrùn Kòrónà lára ẹnì kan ní Èkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ níhìn-ín, tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà, tí ó tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. A kò tíì ṣe irú rẹ̀ lórí àrùn yìí rí ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Nínú oṣù Máàsì ni ìjọba ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pa; nínú oṣù kan náà ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di oṣù Dísẹ́ḿbà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú yàrá ìwádìí kò lè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Owó ilé kò dúró, ọjọ́ orí pẹ̀lú kò dúró.

Ẹnì kan lè wí pé ọlọ́jà àti aránṣọ náà pàdánù. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ọjà, ọlọ́jà padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà nílé, nítorí ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé, bí àwọn kan bá ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ, èéṣe tí àwọn yòókù fi jókòó? Èsì wa ni pé a kò lè ṣe aláìní méjèèjì. Ẹni tí ó dúró ti iṣẹ́ jẹ́ kí a mọ ọ̀tá wa. Ẹni tí ó jókòó kò gbé àrùn wọ ilé àwọn arúgbó wa. Èkíní fi làálàá san tirẹ̀, èkejì fi ọdún ayé rẹ̀ san án. Àwa ni a jẹ èrè rẹ̀.

Nítorí náà, gbèsè wà lọ́rùn wa. Kí ẹni tí ń gbani síṣẹ́ má ṣe ka ọdún náà sí i lọ́rùn. Kí àwa òbí má sì fi í ṣẹ̀sín láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú bi ọkàn ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó fi ọjọ́ wọ̀nyí ṣe, nítorí ìdádúró kì í ṣe àwáwí fún ìmẹ́lẹ́. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, akólòlò yóò pe baba. Ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù láti gbọ́ ọ.