Ìpàdé tí Orí kò pe Ẹsẹ̀ sí

 

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò níṣẹ́ ló máa ń wá dá Ifá nítorí iṣẹ́. Ní báyìí, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ló pọ̀ jù lórí ẹní mi. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú kẹ́mísírì ń jókòó ti POS lábẹ́ agboòrùn. Ẹni tó ti ṣe olùkọ́ àgbà nílé ń tọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Ẹ ò ní gbàgbé ọdún 2012, nígbà tí ilé iṣẹ́ Dangote ń wá awakọ̀, tí àwọn tó ní PhD náà fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́. Tírélà o! Iṣẹ́ awakọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn, àmọ́ ta ló lọ gba PhD nítorí tírélà?

Wọ́n á ní, "Bàbá, ohun tí mo mọ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ yìí lọ, ọkàn mi ò balẹ̀." Àwọn àgbà kan á yára dáhùn pé ìgbéraga ni. Wọ́n á fi ọmọ awo ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ti mọ ẹsẹ Ifá rẹpẹtẹ, síbẹ̀ tó ṣì ń gbé àpò tẹ̀lé olúwo rẹ̀. Èmi náà gbé àpò. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbé e ni mò ń kọ́ Ifá, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá dá dúró. Ọ̀gá tó ń san owó oṣù fún yín, ọjọ́ wo ló dá fún yín? Ara tó ń ta yín yẹn, Orí ló ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ Orí nìkan ò tó. Ifá sọ ìtàn bí gbogbo Orí ṣe pé jọ, tí wọn ò pe Ẹsẹ̀. Èṣù wò wọ́n, ó ní òun fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ wọn á ṣe yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà dà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ lọ́rọ̀ tó lójú. Ẹni tó ń jókòó lójoojúmọ́ tó ń ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún ìyàwó, fún ọ̀rẹ́, fún oníbàárà, ìpàdé Orí ló ń ṣe yẹn. Ó yẹ kó dìde, kó wá iṣẹ́ mìíràn.

Kò sì yẹ kó fi ìbínú wá a. Nínú Ògúndá Méjì, àwọn mẹ́ta ló ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì sáré wọlé, wọ́n mú èyí tó dán lójú, kò jiná, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ pẹ́ díẹ̀ ní tirẹ̀. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú sí ọbẹ̀, ó fún un níyọ̀, ìyẹn ló kọ́ ọ bó ṣe máa rí Àjàlá. Ó tún san gbèsè tí Àjàlá jẹ, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló bá a yan orí tó jiná. Ẹni tó fi ìbínú kúrò níbi kan, orúkọ ipò tó dán ló máa ń kọ́kọ́ rí. Kì í béèrè bóyá wọ́n ń sanwó lásìkò, kì í kí oníbodè.

Tí ẹ bá wá, ẹ má sọ ọ́ fún mi. Owó ni kí ẹ sọ ọ́ sí. Ẹ kàn má béèrè bóyá ẹ mọ̀ ju iṣẹ́ yín lọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ dárúkọ ibi tí ẹ fẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká fi ìbò wádìí wọn, owó ẹyọ lọ́wọ́ kan, egungun lọ́wọ́ kejì. Ẹ tètè dé láàárọ̀, torí ẹni tó ní ibi mẹ́rin lọ́kàn máa ń pẹ́ lórí ẹní.